Ẹ̀rí Tí Mo Wá Tún Jẹ́, Nítorí Oògùn Tí Mo Dà Nù

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ẹ jẹ́ kí Títílayọ̀ kà á dé ìdí ná, nítorí ìgbà tí mo dìde níjelòó, àtẹ́wọ́ yín ló kó sí mi lórí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Mi ò sì kọ ẹ̀rí sílẹ̀ rí láyé mi; bí inú mi bá ti dùn, mo ti wà níwájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti eléyìí, mo ní kí Títílayọ̀, ọmọ ọmọ mi tó wá kí mi, jókòó tì mí, kó mú bírò, kó kọ ohun tí mo bá wí, kó má fi kún un, kó má sì yọ níbẹ̀. Ìdí ni pé nígbà tí mo fi ẹnu lásán jẹ́ ẹ̀rí, ẹnu mi sáré ju ohun tí Ọlọ́run ṣe lọ. Ìwé kì í sáré. Ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ dé, ibẹ̀ ló ń dúró sí.

Èmi nìyí lórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá dìde kí o tó kà á tán, Títílayọ̀, máa kà á lọ.

Inú ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan tó ti ń ṣe mí kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú á máa lọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù, màá sì sáré gba ṣáláńgá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá. Ẹ má bínú pé mò ń sọ èyí nínú ilé Ọlọ́run. Ara tí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ dá ni.

Ní Erúnmú wa níbí, bí èèyàn bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nídìí, kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni! Ẹni tí kò mọ oògùn ibà pàápàá mọ oògùn jẹ̀dí. Wọ́n ní mo fẹ́ràn nǹkan dídùn jù. Èmi tí kì í fi ṣúgà sí ògì! Bàbá Rẹ̀mí, ọkọ mi, ti lọ sọ́run nígbà yẹn, àwọn ọmọ ti wà ní Èkó àti Kàdúná, kò sẹ́ni tó máa gbè mí lẹ́yìn. Aládùúgbò kan gbé egbò igi tí wọ́n rẹ sínú omi ògì kíkan wá. Òmíràn gbé tirẹ̀ wá nínú ìgò. Mo mu gbogbo rẹ̀. Èyí tó yẹ kó dá inú dúró, ṣe ló ń tì í síwájú. Wọ́n ní ẹ̀gbin ló ń jáde, kí n mu sí i. Mò ń mu, mò ń rù. Ìró tó ń yí mi ká lẹ́ẹ̀kan wá ń yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì.

Gàrí ni mò ń yan, ẹ mọ̀. Ẹni tó ń yan gàrí kò lè fi agbada sílẹ̀ lórí iná kó lọ, ṣùgbọ́n inú tó ń lọ́ èèyàn kò mọ̀ pé gàrí wà lórí iná. Àìmọye ìgbà ló ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà ní ọjọ́ ogbó ló dé sí mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní ogbó. Ogbó kì í ti èèyàn lójú.

Rẹ̀mí ọmọ mi ló ti Èkó dé lọ́jọ́ kan, tó rí ọrùn mi, tó fi igbe ta. Kò bi mí léèrè, ó gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá n'Ìbàdàn. Wọ́n fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí wo inú mi láti ẹ̀yìn. Ojú tì mí débi pé mo fi ìborùn bojú, bí ẹni pé bí mi ò bá rí wọn, àwọn náà ò ní rí mi. Dókítà ní kì í ṣe jẹ̀dí-jẹ̀dí. Ó ní egbò ló kún ara ìfun mi, pé ìfun náà wú. Ó fún mi ní oògùn rúsúrúsú kan, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ èèyàn pọ́n. Ó ní, "Mama, ẹ máa lò ó lọ. Bí ara bá yá, ẹ ṣì máa lò ó lọ. Kẹ́ ẹ sì máa padà wá kí n máa wò yín."

Mo gbọ́ o. Mi ò ní purọ́ pé mi ò gbọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, dókítà." Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo ní, ta ló ń lo oògùn nígbà tí kò sí àìsàn? Ta ló ń da omi sórí iná tó ti kú?

Mo lo oògùn, mo sì ń gbàdúrà. Kò pé oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ dá. Mo yan gàrí láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìdìde! Ọlọ́run ṣeun! Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹ rántí, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde síwájú. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ẹ pariwo Halelúyà, ariwo náà gbé mi. Mo ní mo ti sàn pátápátá. Ẹ tún pariwo. Mo wá ní, "Mi ò sì ní lo oògùn kankan mọ́ títí n ó fi kú!" Áà! Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n gbé orin, mo jó débi pé gèlè mi bọ́.

Nígbà tí mo délé, mo wo oògùn náà lórí tábìlì. Mo ní kí n má di onírọ́ níwájú Ọlọ́run. Mo dà á sí ṣáláńgá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ẹ̀yin ará: kò sẹ́ni tó ní kí n dà á nù. Pásítọ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìran tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ló wí, ọwọ́ mi ló tẹ̀ lé ẹnu.

Àgbàdo tí mo gbìn lọ́sẹ̀ yẹn kò tíì gbó tí inú tún fi lọ́ mi. Nígbà tó fi máa gbó, ẹ̀jẹ̀ ti padà, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà wo ni kí n wá gbà? Bí mo bá padà sí ọsibítù, wọ́n á ní oògùn dà? Bí mo bá sọ ọ́ níhìn-ín, wọ́n á ní Ọlọ́run tó wò ọ́ sàn dà? Mo ti fi orúkọ Ọlọ́run ṣe onídùúró fún ọ̀rọ̀ tí kò rán mi. Bí ẹ bá kí mi lọ́nà pé, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹni tí Jésù wò sàn!" Halelúyà ni mo fi ń dáhùn, màá sì máa fún ikùn mi pọ̀ títí ẹ ó fi kọjá.

Ibi tí mo ti fẹ́ sọ nípa Ìyá Làńlẹ́ nìyí, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ọdún kan náà la ṣe ìyàwó, ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìjọ bá dáná, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ wa. Tirẹ̀ ló máa ń gbé wá nínú abọ́ kékeré kan tó ní ọmọrí. A máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn, èmi gan-an sì ni ọ̀gá wọn. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó rò pé a máa fún òun ní májèlé ni."

Ìyá Làńlẹ́ yìí kan náà ni mo máa ń pàdé lọ́nà ṣáláńgá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ń lọ, òun ń bọ̀. Bí mo bá ń bọ̀, òun ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní ewúrẹ́ mi ni mò ń wá. Òun náà ní adìẹ òun lòun ń wá. Sọ́ńdè kejì, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ewúrẹ́ náà ò tíì wálé?"

Mo ní, "Kò tíì wálé. Adìẹ tìrẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń yé kiri."

Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo ní obìnrin yìí ń ṣọ́ mi ni. Mo ní ọjọ́ kan ló kù tí yóò dìde nínú ìjọ, tí yóò ní ẹ̀rí Ìyá Rẹ̀mí ti yẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo di ẹrù, mo lọ sí abà ọkọ mi ní ìkọjá odò. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé mo fẹ́ lọ ṣọ́ ẹ̀gẹ́ mi nítorí ọ̀yà. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n tètè gbà á gbọ́, ìyẹn ló dùn mí jù.

Yàrá kan ló wà ní abà yẹn. Igbó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ka iye ìgbà tí mo wọ̀ ọ́. Ohun tí mo wá lọ nìyẹn, ọwọ́ mi sì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sẹ́ni tó máa ka ìgbà tí o jáde, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí o kò bá wọlé mọ́. Bí mo bá se ọbẹ̀, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé kó wá jẹun. Bí mo bá sín, kò sẹ́ni tó máa ní pẹ̀lẹ́. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Bàbá Rẹ̀mí dá ara mi lóhùn. Màá ní, "Òjò yìí máa rọ̀ o." Màá tún ní, "Ó máa rọ̀, Àbẹ̀kẹ́."

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló le jù. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sọ́dọ̀ mi, mo máa ń gbọ́ agogo ìjọ wa, tín-ín-rín, bí ẹni pé inú omi ló wà. Màá wọ aṣọ Sọ́ńdè mi, màá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, màá máa fi ọkàn bá yín lọ. Wọ́n ti wọlé báyìí. Wọ́n ń kọ orin àkọ́kọ́. Pásítọ̀ ń wúkọ́ tó máa ń wú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Wọ́n ń gba ọrẹ. Màá kọ orin tèmi, ohùn kan ṣoṣo, àwọn ẹyẹ á dákẹ́ máa wò mí. Ṣùgbọ́n bó bá wá tó àkókò tẹ́ ẹ máa ń kí ara yín lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Èèyàn lè dá kọrin. Èèyàn lè dá gbàdúrà. Èèyàn kò lè dá kí ara rẹ̀ kú ọjọ́ ìsinmi.

Sọ́ńdè kan dé tí agogo lù, tí mi ò lè dìde lórí ẹní. Òòyì ń kọ́ mi. Mo wo aṣọ mi lórí ìṣó, ó jìnnà bí Èkó. Mo wá gbàdúrà níbi tí mo sùn sí. Mi ò ní kí Olúwa wò mí sàn. Ojú ń tì mí láti tún tọrọ nǹkan tó ti fún mi tí mo fọwọ́ ara mi dà nù. Mo ní, "Bàbá, rán ẹnì kan sí mi. Ẹnì kan péré. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ èèyàn." Mo fẹ́ ṣe àmín, mo bá rántí, mo fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n kó má ṣe Ìyá Làńlẹ́ o."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sọ, ó ti wà nínú ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti ga, mo gbọ́ èémí kí n tó gbọ́ ohùn. Ẹnì kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó ń dúró, ó ń rìn, ó tún ń dúró. Nígbà tó yọ sí ẹnu ọ̀nà, Ìyá Làńlẹ́ ni! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú ju bàtà lọ, bàtà náà ló gbé lọ́wọ́. Ó wó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi tó yẹ kí n fún àlejò lómi, mi ò lè dìde. Àwa méjèèjì ń wo ara wa báyìí, arúgbó méjì, kò sẹ́ni tó máa bu omi fún ẹnì kejì.

Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ṣé o ti rí i?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo ní, "Ìyá Làńlẹ́, kò sí ewúrẹ́."

Ó ní, "Mo mọ̀. Kò sí adìẹ náà."

"Kí wá lò ń wá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó tú eteetí ìró rẹ̀, ó mú agolo ìpara kékeré kan jáde, ó ṣí i. Oògùn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọkàn mi ti tóbi, ó ti rẹ̀ ẹ́. Dókítà ní kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dá sí mi lẹ́sẹ̀. Funfun yìí ló ń fa omi náà jáde. Bí mo bá ti lò ó láàárọ̀, ìtọ̀ ò ní jẹ́ kí n jókòó. Ó ti tó ọdún méje. Iyọ̀ ni wọ́n sì ní kí n yàgò fún. Oúnjẹ ìjọ tẹ́ ẹ ní mò ń ṣe fújà sí, iyọ̀ ni mò ń sá fún."

Mo ní, "O ò ṣe sọ fún wa?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ìwọ sọ?"

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí o jẹ́ ẹ̀rí pé o ò ní lo oògùn mọ́ títí ayé, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo délé, mo wo agolo mi, mo ní bóyá ìgbàgbọ́ tèmi ló kéré. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lò ó. Làńlẹ́ ló gbé mi débi tí wọ́n ti gbà mí là. Díẹ̀ ló kù."

Ẹ̀yin ará, inú ti ń run mí láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣùgbọ́n kò run mí rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mí. Mo ní, "Àṣé mo fẹ́ pa ọ́."

Ó ní, "O ò pa mí. Dìde, jẹ́ ká lọ."

"Mi ò lè dìde."

"Èmi náà ò lè rìn padà. Ó dáa, sún, jẹ́ kí n jókòó tì ọ́."

Báyìí la jókòó. Mo kàn ń gbọ́ tó ń mí. Bí ẹ kò bá tíì dá gbé rí, ẹ ò lè mọ bí èémí ẹlòmíràn ṣe dùn tó nínú yàrá.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, píkọ́ọ̀pù tó wá kó ẹ̀gẹ́ ní oko tó tẹ̀ lé tiwa ń kọjá lọ. Ìyá Làńlẹ́ fi bàtà rẹ̀ juwọ́. Awakọ̀ gbé wa sórí àpò ẹ̀gẹ́. Bí ọkọ̀ ti ń mì, ó tẹ́nu mọ́ mi létí, ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, lọ́jọ́ tí wọ́n sìn wá lọ sílé ọkọ pàápàá, a ò gun ohun tó ga tó báyìí." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ dé Adégbàyí n'Ìbàdàn, a sì tibẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ọsibítù.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Mo pẹ́ níbẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ yẹn náà ló dé ìdí bẹ́ẹ̀dì mi, tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi oògùn sílẹ̀. Mo ní, "Mo jẹ́ ẹ̀rí ni, sà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó.

Ó ní, "Mama, bí ajá tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́lé bá wá ń gé ọmọ inú ilé jẹ, kí lẹ máa ṣe?"

Mo ní, "A máa so ó mọ́lẹ̀."

"Ẹ ò ní pa á?"

"Ta ló máa wá lé olè?"

Ó ní, "Ó dáa. Ohun tó ń ṣọ́ ara yín ló kọjú sí ìfun yín, tó ń gé e jẹ. A ò lè pa á. Okùn ni oògùn yìí. Bí ajá ò bá gé ẹnikẹ́ni jẹ fún oṣù mẹ́ta, ṣé ìwà ajá ló yí padà ni, àbí okùn ló ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Okùn ni, sà." Ó ní kí n má tún mu omi egbò igi kankan mọ́, pé ṣe ni ìyẹn ń fi ìka ro egbò. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà máa jí nígbà mìíràn bí mo tilẹ̀ ń lo oògùn, kí n má ṣe sá lọ sí abà, kí n tọ òun wá.

Nígbà tí mo dé, mo lọ bẹ Pásítọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, Mama. Ọlọ́run dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá a parí èyí tó kù?" Wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bó ṣe rí nìyí. Àgbàdo ti gbó lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn. Mi ò tíì sàn. Títílayọ̀, kọ ọ́ kó hàn: mi ò tíì sàn, Ọlọ́run ń tọ́jú mi. Ilé mi ṣì dákẹ́, àwọn ọmọ ṣì wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni Ìyá Làńlẹ́ ń kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú agolo rẹ̀. A ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, a ó jọ gbé tiwa mì. Bí a bá jọ jẹun, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ là ń jẹ. Kò dùn rárá. Ìyà ẹnu mi ni mò ń jẹ.

Mo ní kí Ọlọ́run rán ẹnì kan sí mi. Ẹni tí mo ní kó má rán ló rán, lórí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ bá mi gbé e ga! Bí ẹnì kan bá sì wà nínú ìjọ yìí tó ń di oògùn mọ́ eteetí ìró tàbí mọ́ àpò agbádá, ì báà ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ì báà ṣe ti ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ̀rí mi ìjelòó jẹ́ kó máa fi pamọ́, mo bẹ̀ ọ́, má jù ú nù. Dárí jì mí. Wá bá wa. Má wá ewúrẹ́ kankan mọ́.

Ó tó. Ẹ lè pàtẹ́wọ́ báyìí, ẹ gbé orin, ẹ bá mi yọ̀. Bí ẹ bá wẹ̀yìn tí ẹ ò rí mi lórí bẹ́ǹṣì, ẹ má dá orin dúró. Bí ẹ ò bá rí àwa méjèèjì, ẹ mọ ibi tí a wà. Ẹ bá wa di àyè wa mú. À ń bọ̀.